Baba Oníyọ̀ àti Àká Gbogbo Wa

Ènìyàn mẹ́fà la wà níbi tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n mi lóṣù tó kọjá, a sì tún ka ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ mọ́ ọn. Nínú àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èmi nìkan ló wá láti abúlé wa. Bí ẹ bá bi àwọn tó kù nílé pé kí ló dé tí wọn ò wá, wọ́n á ní ọkùnrin yẹn ló ba àká àwọn jẹ́, òun ló sì pa ọmọ wẹ́dà. Wọn ò parọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n mọ̀. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ mi, ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbé e kiri.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ́wọ́ gígùn, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kí i láàárọ̀, ẹ lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé oko kó tó dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, wọn ò bímọ, ilé rẹ̀ sì mọ́ tónítóní bí ilé ẹni tí kò ní ohun tó lè dọ̀tí: bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, ìkòkò méjì, aago kan tó ti kú sára ògiri. Lójoojúmọ́ ayé ló máa ń fi ìgò kékeré kan sápò, ìgò oògùn ikọ́ tó ti fọ̀ dáadáa, tó sì bu iyọ̀ gbígbẹ sínú rẹ̀. Nítorí ìgò yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Baba Oníyọ̀. Àwọn aláwàdà á ní, "Baba Oníyọ̀, ọbẹ̀ tiyín ò lè tẹ́ láyé!" Òun á kàn mirí, á máa bá tiẹ̀ lọ.

Kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí ìgò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ẹ̀rọ wa ṣe rí. Ẹ̀yìn ilé-ìwé ló wà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ni ín, gbogbo abúlé ló ń lò ó. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń yín àgbàdo kúrò lára ṣùkù. Ilé iná wà níbẹ̀, yàrá tí a tẹ́ irin oníhò sílẹ̀ rẹ̀, tí iná ń jó nísàlẹ̀, tí ooru ń gba ojú ihò gòkè wá mú àgbàdo gbẹ. Lẹ́yìn náà ni àká, agolo irin ńlá tó ga ju ilé lọ, tí wẹ́dà abúlé wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀. Òkè là ń da àgbàdo sí, ojú ilẹ̀kùn kékeré kan nísàlẹ̀ la sì ń gbà bù ú.

Inú àká kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wa ń da àgbàdo wa sí. Kò sí tèmi, kò sí tìẹ. Ẹni tó bá da àpò mẹ́wàá sí i yóò bu àpò mẹ́wàá padà kí ọdún tó yí, àmọ́ èyí tó bù lónìí lè jẹ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ ẹ, nítorí eku ti ń fi àgbàdo wa ṣe àsè tẹ́lẹ̀ nílé kálukú. Ewu kan péré ló wà nínú ètò yìí: bí àpò kan bá wọlé ní tútù, kò ní dá bu.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣọ́ ẹnu àká. Á bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan láti ìsàlẹ̀ àpò, á da díẹ̀ sínú ìgò iyọ̀, á dé e, á mì ín, á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo nìyẹn, kí onítọ̀hún máa kó o padà sílé iná. Bí iyọ̀ bá já wálẹ̀, kó máa dà á. Kò mọ ọ̀rẹ́, kò mọ ọ̀tá. Ó ti dá Alága ẹgbẹ́ padà rí tòun ti kóòtù rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò kọ̀, kò dá. Àgbàdo gbó tán, òjò ń rọ̀. A kó o dé ilé ẹ̀rọ, òjò ń rọ̀. Ilé iná kò lè gbà ju àpò mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan, kálukú ló sì ń gbé igi tirẹ̀ wá, igi náà tutù. Àwọn ènìyàn jókòó sórí àpò wọn látàárọ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀, nígbà tó bá sì kàn wọ́n, Baba Oníyọ̀ á mi ìgò, á mirí. Wọ́n bú u. Èmi náà bú u. Télọ̀ ni mí, ẹnu télọ̀ kì í sinmi ju máṣíìnì rẹ̀ lọ, gbogbo ẹni tó bá wá ran aṣọ lọ́dọ̀ mi ló ń fetí gba ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé.

Inú ìyà yẹn la wà nígbà tí ọmọbìnrin oníwèé dé. Àwọn tó fún ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀rọ ló rán an, pé kó wá wò ó bóyá àwọn tó ń lò ó ní ìtẹ́lọ́rùn. Ó ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú bébà tí wọ́n ya ojú mẹ́ta sí. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ṣe jẹ́ẹ́, ọ̀kan fajú ro.

"Ẹ fọwọ́ kan èyí tó bá ọkàn yín mu, mà."

Mo fi ìka gún ojú tó fajú ro títí bébà fi fẹ́ ya.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, mà? Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni?"

"Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló bàjẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò béèrè bóyá àgbàdo àká wa ti bu rí. Kò bu rí, láti ọdún mẹ́fà, nítorí náà kò sẹ́ni tó rántí pé àgbàdo máa ń bu.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Alága fi pè wá jọ, tó ka lẹ́tà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, mọ́kànlélọ́gọ́rin ló fajú ro. Wọ́n ní àwọn á tún wá, bí ojú ò bá sì yí padà, àwọn á tú gbogbo ẹ̀rọ yẹn gbé lọ fún àwọn tó máa mọrírì rẹ̀. Alága ká lẹ́tà náà, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìgò yẹn sinmi díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ro ó. Ẹ ti mọ bó ṣe ń ro nǹkan. "Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sàn ju ká bu májèlé fún ọmọ wa lọ," ló wí nígbẹ̀yìn.

Gbogbo ilé pòṣé, mo bá wọn pòṣé. Ta ló sọ̀rọ̀ májèlé? Ó pòkìkí ara rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ la sọ. Àmọ́ ìgò kò sinmi. Wọn ì báà kó gbogbo abúlé tì í, kò ní gbà. Èmi ló gbà fún.

Ọmọ mi obìnrin bímọ nílùú ńlá, ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́. Wọ́n pè mí pé kí n tètè máa bọ̀, ara ìyá ọmọ ò tíì le. Mo ti gba àyè nínú ọkọ̀ tó máa lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àpò àgbàdo méjì tó ṣẹ́ kù fún mi, tí ẹ̀gbọ́n mi ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì, sì wà nílé ẹ̀rọ. Mo jí dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, àwa méjèèjì péré. Òjò ń kán lórí páànù. Ó mi ìgò, ó gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn yíká bí ìyẹ̀fun ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tútù.

"Kékeré, kò tíì gbẹ."

"Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ mi ń lọ lọ́sàn-án."

"Fi sílẹ̀. Màá wá igi, màá bá ẹ dá a padà sílé iná."

"Títí dìgbà wo? Kí òjò tún wá pa á? Kí n dé ọ̀hún kí n máa ronú àgbàdo?"

"Kékeré, kò gbẹ."

Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ yẹn ló bí mi nínú. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ǹ bá pariwo padà, ì bá tán síbẹ̀. Mo la ẹnu mi, mo ní, "Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bí ọmọ, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?"

Ẹyin lohùn. Ó ti já bọ́ kí n tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, kò bínú, ojú rẹ̀ kàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ìgò sápò. Ó gbé àpò mi kìíní lé èjìká, ó gun àkàbà, ó dà á sínú àká. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìkejì. Ojú tì mí gan-an, mo sì fẹ́ sọ pé kó má ṣe é mọ́, àmọ́ mo ronú ọkọ̀ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ.

Láti ọjọ́ náà kò mi ìgò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí òun ṣe fún ọmọ ìyá òun, òun ò ní ojú tí òun á fi fi du ọmọ ìyá ẹlòmíì. Abúlé rò pé ọ̀rọ̀ Alága ló wọ̀ ọ́ létí, wọ́n yìn ín. Ẹ sì wá wo ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: ọjọ́ kejì tí mo lọ, òjò dá. Oòrùn ràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Àgbàdo gbogbo ènìyàn gbẹ ganrangandan, wọ́n ń dà á lé ara wọn lórí nínú àká, kò sí ọ̀kan tó tutù níbẹ̀ àfi àpò méjì tèmi tó ti wà nísàlẹ̀ wọn. Ọjọ́ kan péré ni mi ò lè dúró dè.

Nígbà tí mo fi máa dé, inú gbogbo ènìyàn ń dùn. Kò sí ìlà nílé ẹ̀rọ mọ́, ẹ dé, ẹ dà á, ẹ lọ. Ọmọbìnrin oníwèé padà wá, ojú tó ń rẹ́rìn-ín nìkan là ń tọ́ka sí. Mo tọ́ka sí i. Lẹ́tà dé pé kò sí abúlé kankan tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ti ní ìtẹ́lọ́rùn tó tiwa, pé wọ́n ń bọ̀ wá gbé pátákó ìyìn kan kọ́ ara ògiri ilé ẹ̀rọ. Alága ra kóòtù tuntun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi wá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ ìdí, ó kàn ní kí n tẹ̀lé òun. A dé ẹ̀yìn àká, ó tọ́ka sí ibì kan lára irin, ó tó ìwọ̀n àyà mi.

"Gbé ọwọ́ ẹ síbẹ̀."

Mo gbé e síbẹ̀. Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Mo sún ọwọ́ mi sókè, irin tutù. Mo sún un sísàlẹ̀, irin tutù.

"Oòrùn ni," mo wí.

"Oòrùn ò tíì dé ẹ̀yìn ibí."

 Òórùn kan wà níbẹ̀, òórùn aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ ní tútù. Àwa méjèèjì mọ àgbàdo ẹni tó wà níbi tí ọwọ́ mi wà yẹn.

"Jẹ́ ká jọ lọ bá Alága," ló wí. "Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ká tú u, ká yọ èyí tó bu kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń bù ú."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù ẹnu abúlé ni o, mi ò tíì ronú ikú nígbà yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n gbé pátákó tán ná, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù, a ò lè máa tú àká síta kí àlejò wá bá a. Ó wò mí pẹ́. Ojú ni í rójú ṣàánú; ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tó ṣàánú mi.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni abúlé jẹ àgbàdo dé ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń jáde pẹ̀lú eruku aláwọ̀ eérú. Àwọn obìnrin gbọ̀n ọ́n, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún un sá, wọ́n lọ̀ ọ́. Adìẹ wẹ́dà tí ń ṣa ilẹ̀ jẹ nídìí àká kú, mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní àrùn adìẹ ni. Mo gbọ́, mo ń ran aṣọ mi lọ. Àgbàdo ilé mi ti ọdún àná ni mo ń jẹ.

Wọ́n gbé pátákó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni ìyàwó wẹ́dà ní kí n wá wo ojú ọmọ òun. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni, ọmọ ọdún méje tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, aláròyé ọmọ. Kò rojọ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú, inú rẹ̀ wú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi ìyá rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń jẹ nílé, ó ní ohun tí gbogbo abúlé ń jẹ ni. Ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà kú.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá Alága lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ, òun nìkan. Alága ní ṣé torí kó lè padà sídìí ìgò rẹ̀ ló ṣe ń dẹ́rù ba ará ìlú? Ó ní kí àwọn ènìyàn túbọ̀ máa gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi bá àwọn mìíràn sọ ọ́, wọ́n ní kí ni kí àwọn wá jẹ, oúnjẹ odidi ọdún ló wà níbẹ̀ yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ọmọ, a rí i lórí àkàbà. Ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì dúdú méjì gòkè, ọ́ìlì tí wọ́n tú jáde lára ẹ̀rọ. Kí àwọn tó ń sáré bọ̀ tó dé ìdí àkàbà, ó ti da méjèèjì sórí àgbàdo gbogbo wa.

Kò sẹ́ni tó jẹ nínú rẹ̀ mọ́. Ọmọ mìíràn kò sì kú. Àmọ́ ebi pa wá lọ́dún náà, ẹni tí ebi ń pa kì í ka ọmọ tí kò kú.

Kíláàsì ilé-ìwé ni wọ́n ti pè é lẹ́jọ́. Lórí bẹ́ǹṣì kejì ni mo jókòó sí, mo gbé báàgì mi lé orúnkún. Wẹ́dà dìde. Kò pariwo.

"Bàbá, mo ti wọ inú àká lọ wò ó. Òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ gbẹ. Àárín níbì kan ló bu. Àgbàdo ẹnì kan nìyẹn. Ta ni?"

"Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu àká," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ohun tó bá wọlé, èmi ni mo mú un wọlé."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Àgbàdo ta ni?"

Ọkùnrin tó lè sọ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni da àpò rẹ̀ sí àká láti ọdún mẹ́fà! Ó gbé ojú sókè, ó wo pátákó ìkọ̀wé. Kò wo ibi tí mo wà rárá, ibẹ̀ gan-an ni mo ti mọ̀ pé ó rí mi.

"Mi ò rántí," ló wí.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi bá mi dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, màá dìde. Wọn ò bi í mọ́. Wọ́n ní kó kúrò nílùú.

Ọwọ́ epo làwọn ènìyàn ń báni lá, wọn kì í báni lá tẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó sìn ín àyàfi èmi, ìyẹn náà kò sì kọjá orí títì. Ó gbé báàgì kan. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ-ọmọ ẹ ń kọ́?"

"Ọrùn rẹ̀ ti ń le," mo wí.

"Ìyẹn dáa." Ó wọ ọkọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìyàwó wẹ́dà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.  Mo ní ó ti mọ̀, mo tilẹ̀ ní kó ti mọ̀, kó gbá mi létí, kí gbogbo rẹ̀ tán. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́.

"Ìyá Télọ̀, wọ́n ní kí n má wá ibí mọ́," ló wí. "Mo ní rárá o. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló pa ọmọ mi. Ìwọ ò ṣẹ̀ mí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.